Báyọ̀ Akinfenwa: Agbábọ́ọ̀lù Tó Rin Àwọn Ìlú Tí Tẹlifíṣọ̀n Kì í Dé Já

Bí wọ́n bá ti ní ọmọ kan ń fi bọ́ọ̀lù jẹun nílùú Òyìnbó, ohun tó máa ń sọ sí àwọn ará ilé lọ́kàn ni owó rẹpẹtẹ, mọ́tò bọ̀gìnnì àti ilé aláruru. Ẹ má bá wọn wí. Arsenal, Chelsea, Liverpool àti Manchester United nìkan ni ojú wọn ń rí. Àmọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 92 ló wà nínú ìpele mẹ́rin tó ga jù lọ́hùn-ún, 20 péré nínú wọn ló sì wà lókè téńté. Àwọn 72 yòókù ńkọ́? Àwọn náà ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ń fara pa, wọ́n ń gba owó iṣẹ́, òjò ń pa wọ́n lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun níwájú èrò tí ò pọ̀, nínú ìlú tó jẹ́ pé ẹni tí kò bá níṣẹ́ tàbí ẹbí níbẹ̀, kò ní í yà síbẹ̀ láyé.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú àwọn ìlú bẹ́ẹ̀, kó kàn tọ ipasẹ̀ Saheed Adébáyọ̀ Akinfenwa. Islington ní Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n bí i sí lọ́jọ́ 10, oṣù Karùn-ún, 1982, àwọn òbí rẹ̀ sì wá láti Nàìjíríà. Bàbá ń kírun, ìyá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, bó ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wa náà nìyẹn. Adébáyọ̀ gùn jù lẹ́nu Òyìnbó, wọ́n gé e sí Bayo, wọn ò sì fi àmì ohùn kankan sí i.

Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ á tètè mọ irú ẹni tó jẹ́. Ṣé ẹ mọ kápẹ́ńtà tó ti gba fíríìdọ̀mù, tó mọṣẹ́ dunjú, àmọ́ tí kò ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀? Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ló wà lóṣù yìí, ọ̀dọ̀ òmíràn lóṣù tó ń bọ̀. Ibi tí iṣẹ́ bá ti yọ ló ń gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Irú kápẹ́ńtà yẹn gan-an ni Báyọ̀ nínú bọ́ọ̀lù. Láti 2001 títí di 2022, ẹgbẹ́ 13 ló gbá bọ́ọ̀lù fún, ó sì tún padà sọ́dọ̀ méjì nínú wọn lẹ́ẹ̀kejì. Sẹ̀ntà fọ́wọ́ọ̀dù ni. Ara rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ bá a fa wàhálà níbikíbi tó bá dé, nítorí pé ọkùnrin náà tóbi. Ó wọ̀n ju 100 kìlógírámù lọ, bẹ́ẹ̀ agbábọ́ọ̀lù tó wọ̀n tó 85 ni wọ́n ti ń pè ní géńdé. Kí kóòṣì tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ikùn ló kọ́kọ́ ń wò.

Ibi tí ìrìn àjò náà ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Lẹ́yìn tó kúrò láàárín àwọn ọmọ tí Watford ń tọ́, aṣojú rẹ̀, tó ní ojúlùmọ̀ ní Lituéníà, júwe ọ̀nà ibẹ̀ fún un. Bí ọmọ Islington ṣe di ará Klaipėda nìyẹn, kò sì tíì pé 20 ọdún.

Etí òkun Baltic ni Klaipėda wà. Òun ni èbúté ńlá kan ṣoṣo tí Lituéníà ní, bí Àpápá ṣe rí fún ará Èkó. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, síbẹ̀ omi èbúté náà kì í di yìnyín, ìyẹn ló fi jẹ́ pé àtayébáyé ni àwọn alágbára ti ń jà sí i. Àwọn Jámánì ló ni ín nígbà kan, Memel ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó bọ́ sábẹ́ ìjọba Sófíẹ̀tì, títí Lituéníà fi kéde òmìnira rẹ̀ ní 1990. Nígbà tí Báyọ̀ fi dé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ìlú náà lè ti darúgbó láì bá aláwọ̀ dúdú sọ̀rọ̀ rí.

Ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀, ó ti sọ ọ́ fún àwọn oníwèé ìròyìn lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ó bá ti fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù báyìí, wọ́n á máa dún bí ọ̀bọ. Èébú tí wọ́n ń kọ lórin fún un kò ṣe é tẹ̀ sínú ìwé. Ọmọdé tí kò ní bàbá níbẹ̀, tí kò ní ìyá níbẹ̀, tí kò gbọ́ èdè wọn! Ó pe ilé, ó ní òun ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló dá a lóhùn. Kò bú u, kò sì rọ̀ ọ́. Ó ní tó bá wù ú kó máa bọ̀ nílé, kó máa bọ̀, àmọ́ kó mọ̀ pé àwọn ẹni yẹn ti borí nìyẹn.

Kò bọ̀. Ó dúró. Ní 2001 kan náà, ẹgbẹ́ rẹ̀, FK Atlantas, dé ìparí ìdíje ife ẹ̀yẹ Lituéníà, wọ́n bá Žalgiris, ẹgbẹ́ ńlá olú-ìlú wọn, pàdé. Báyọ̀ ló gbá gòólù tó fi ife náà lé Klaipėda lọ́wọ́. Kí àwọn tó ń dún bí ọ̀bọ wá ṣe báwo? Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ronú pìwà dà o. Gòólù máa ń pa ẹnu èèyàn mọ́ fún wákàtí mélòó kan ni.

Ní 2003, ó gba Wales padà wá, sí ìlú Barry, tí kò jìnnà sí Cardiff. Barry náà ti rí ayé rí. Kí Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní tó bẹ̀rẹ̀, èbúté rẹ̀ ń kó èédú ránṣẹ́ sókè òkun ju èbúté mìíràn lágbàáyé lọ. Lónìí, etí òkun tí àwọn ọmọdé ti ń gun ẹṣin onírin ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Alága ẹgbẹ́ Barry Town nígbà náà ni John Fashanu, ọmọ Nàìjíríà tó ti fi bọ́ọ̀lù gbayì ní Wimbledon. Ẹgbẹ́ náà gba líìgì Wales, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ Wales mọ́ ọn lọ́dún kan náà. Ó dùn mọ́ gbogbo ayé. Kò pẹ́ tí gbèsè fi bo ẹgbẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n fa ìwé rẹ̀ lé àwọn akáwó lọ́wọ́, àwọn agbábọ́ọ̀lù tú ká bí ẹyẹ tí wọ́n sọ òkò sí.

Sáà 2003 sí 2004 ni kí àwọn òbí tó ń sọ fún ọmọ wọn pé "fi ìwé sílẹ̀, lọ gbá bọ́ọ̀lù" wá fetí sí. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni Báyọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún nínú sáà kan ṣoṣo yẹn. Àkọ́kọ́ ni Boston, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan sì ga débi pé àwọn atukọ̀ ń fi mọ ọ̀nà láti orí òkun. Ará ibẹ̀ ló gbé orúkọ ìlú náà lọ sí Boston ti Amẹ́ríkà, tó wá lókìkí ju ìyá rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn Boston, Leyton Orient ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀n. Lẹ́yìn ìyẹn, Rushden, ìlú kékeré àwọn tó ń ṣe bàtà. Ọlọ́rọ̀ tó ni bàtà Dr. Martens ló ń náwó sí ẹgbẹ́ ibẹ̀, ó kọ́ pápá tó ju ìlú lọ fún wọn. Nígbà tí owó yẹn dáwọ́ dúró, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yingin, ní 2011 ẹgbẹ́ náà sì pa rẹ́ pátápátá. Ẹ̀kẹrin ni Doncaster, ìlú rélùwéè, níbi tí wọ́n ti kan Flying Scotsman, ọkọ̀ ojú irin tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé.

Ìlú mẹ́rin, ọ̀gá mẹ́rin, ibùwọ̀ mẹ́rin. Àdéhùn iṣẹ́ olóṣù kan ń bẹ, àdéhùn ọlọ́jọ́ díẹ̀ náà ń bẹ. Àwọn tí wọ́n rí jájẹ díẹ̀ nínú wọn ń gba ti ọdún kan. Ní gbogbo oṣù Karùn-ún, tí líìgì bá ti parí, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á tẹ orúkọ jáde: àwọn wọ̀nyí ń dúró, àwọn wọ̀nyí ń lọ. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá bọ́ sápá kejì ti di aláìníṣẹ́ nìyẹn. Owó ilé kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ilé ìwé àwọn ọmọ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Á wá máa tẹ fóònù, á máa lọ ṣe ìdánwò káàkiri níwájú kóòṣì tí kò tó o lọ́jọ́ orí nígbà mìíràn.

Ní Torquay ló ti kọ́kọ́ rí sáà kan gbáko lò. Etí òkun apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn nìyẹn, ibi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń lọ gbafẹ́, ibẹ̀ sì ni wọ́n bí Agatha Christie tó ń kọ ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sí. Igi kan wà létí òkun wọn tó jọ ọ̀pẹ, wọ́n ń fi í yangàn gidi. Ọ̀pẹ tí kò lẹ́mu, tí kò léyìn! Lóòótọ́ ibẹ̀ rẹwà, àmọ́ ó jìnnà sí gbogbo ibi. Láti Torquay dé Hartlepool, tí wọ́n jọ wà nínú líìgì kan náà ní sáà 2004 sí 2005, ó ju 300 máìlì lọ. Ẹ ronú ẹni tó rin irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kó tó sọ̀kalẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Báyọ̀ gbá gòólù líìgì 14. Síbẹ̀ ẹgbẹ́ náà já wálẹ̀.

Swansea ló wá mú un, àárín rẹ̀ àti ìlú náà sì wọ̀ dáadáa. Ní oṣù Kẹjọ 2005, wọ́n ṣí pápá tuntun, Liberty Stadium, Tranmere ló wá bá wọn gbá bọ́ọ̀lù líìgì àkọ́kọ́ níbẹ̀, Báyọ̀ ló sì gbá gòólù kan ṣoṣo tó wọlé lọ́jọ́ náà. Ní oṣù Kẹrin 2006, òun ló tún gbá gòólù tí wọ́n fi na Carlisle 2 sí 1, tí wọ́n fi gba ife Football League Trophy ní Cardiff. Gbogbo Swansea ń kọrin rẹ̀.

Ó kù oṣù kan àti díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé èyí fún ẹni tí kò mọ̀: ní àwọn ìpele ìsàlẹ̀ yìí nígbà náà, ẹgbẹ́ méjì tó ṣáájú máa ń gòkè ní tààrà (ní ìpele kẹrin, mẹ́ta ni), àwọn mẹ́rin tó tẹ̀ lé wọn á wá bá ara wọn figagbága, ẹyọ kan péré ni yóò gòkè nínú wọn. Gbogbo làálàá oṣù mẹ́wàá, ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń parí rẹ̀. Wọ́n ń tún Wembley kọ́ lọ́wọ́ nígbà náà, nítorí náà Cardiff ni Swansea àti Barnsley ti pàdé ní oṣù Karùn-ún 2006, níwájú èrò tó ju 50,000 lọ. 2 sí 2 ni. Ó di pẹ́nárítì. Swansea sọ méjì nù, ọ̀kan nínú méjèèjì sì ni ti Báyọ̀. Barnsley gòkè.

Ẹni tó bá ní pẹ́nárítì kò le, kó lọ gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ níwájú 50,000 èèyàn, kó tún wá fẹnu sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ìpalára dá Báyọ̀ dúró, ó fi Swansea sílẹ̀ ní 2007. Líìgì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, kò rẹ́gbẹ́. Millwall ló padà mú un nígbà tí ọdún ń lọ sópin, kò sì rí gòólù kankan gbá níbẹ̀. Àwọn tó ń wo ikùn rẹ̀ láti ọjọ́ yìí mirí, wọ́n ní àwọn ti wí bẹ́ẹ̀.

Northampton ló gbé e dìde ní oṣù Kìn-ín-ní 2008. Ìlú oníbàtà ni ibẹ̀ náà, "àwọn aránbàtà" gan-an ni ìnagijẹ ẹgbẹ́ wọn. Ó kúrò níbẹ̀ lọ sí Gillingham, létí odò Medway. Ó padà sí Northampton. Ó tún padà sí Gillingham. Ẹni tó bá ń wo ọ̀nà rẹ̀ nígbà yẹn á rò pé ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló ń sá fún ọ̀gá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún kan, ọdún méjì, àdéhùn parí, ó ń wá iṣẹ́ lọ. Nígbà tó dé Wembley nígbẹ̀yìn gbẹ́yín ní 2013 pẹ̀lú Northampton, Bradford lù wọ́n 3 sí 0.

Ó ti pé 32 ọdún nígbà tó dé AFC Wimbledon ní 2014. Bí ẹgbẹ́ kan bá wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti Báyọ̀ mu, ẹgbẹ́ yẹn ni. Wimbledon àtijọ́, èyí tí Fashanu gbá bọ́ọ̀lù fún, tó na Liverpool gba ife FA ní 1988, àwọn tó ni ín ló kó o lọ sí Milton Keynes, ìlú tó jìnnà tó 50 máìlì. Àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà ní àwọn ò bá wọn lọ. Ní 2002 wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kẹsàn-án, ní 2011 wọ́n ti dé ìpele kẹrin. Kingston ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà náà, ní pápá kékeré kan tí kò gbà tó 5,000 èèyàn.

Pápá yẹn náà ni Liverpool wá lọ́jọ́ 5, oṣù Kìn-ín-ní, 2015, fún ife FA. Ẹ má gbàgbé o, láti kékeré ni Báyọ̀ ti ń ṣe Liverpool, nítorí John Barnes, aláwọ̀ dúdú tó ń ta bí idán lápá òsì. Steven Gerrard kọ́kọ́ gbá ọ̀kan wọlé. Báyọ̀ dá a padà. Gerrard tún gbá òmíràn, ó parí sí 2 sí 1. Wimbledon pàdánù, àmọ́ ọkùnrin náà mú ẹ̀wù Gerrard relé.

Oṣù Karùn-ún 2016 ni èyí tó tóbi jù. Wimbledon àti Plymouth pàdé ní Wembley, ẹni tó bá borí á gòkè sí ìpele kẹta, níbi tí ẹgbẹ́ tó lọ sí Milton Keynes ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já bọ̀ láti òkè. Lyle Taylor ti gbá ọ̀kan wọlé fún Wimbledon. Àkókò ti kọjá 90 ìṣẹ́jú, rẹfirí fún wọn ní pẹ́nárítì. Kì í ṣe Báyọ̀ ni wọ́n yàn pé kó gbá a. Ó yarí, ó ní òun ni yóò gbá a. Ọdún mẹ́wàá géérégé lẹ́yìn ti Cardiff nìyẹn. Ó gbá a, ó wọlé.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló mú gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín. Ojúlówó akọni ọjọ́ náà ni, àmọ́ orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń lọ. Níwájú kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú òógùn lójú, ó sọ pé òun ò níṣẹ́ báyìí, kí kóòṣì tó bá nílò òun fi WhatsApp ránṣẹ́. Àwọn èèyàn rò pé àwàdà ni. Àwàdà ọkùnrin tó ti pé 34, tó ní ọmọ láti bọ́, kì í ṣe àwàdà pátápátá.

Gareth Ainsworth, kóòṣì Wycombe Wanderers, ló gbọ́. Wycombe wà ní nǹkan bí 30 máìlì sí Lọ́ńdọ̀n. Ìlú àwọn tó ń ṣe àga ni, igi inú igbó àwọn òkè tó yí i ká ni wọ́n fi ń ṣe é láyé àtijọ́. Adams Park, pápá wọn, wà lópin ọ̀nà kan ṣoṣo tó gba àárín àwọn ilé iṣẹ́ kọjá. Tí èrò bá ń lọ, ọ̀nà yẹn á dí pa. Wọ́n tún ní àṣà kan níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn. Lọ́dọọdún, ní oṣù Karùn-ún, wọ́n máa ń gbé alága ìlú sórí òṣùwọ̀n ní gbangba. Tó bá ti wọ̀n ju ti ọdún tó kọjá lọ, akéde á pariwo rẹ̀, àwọn ará ìlú á sì hó lé e lórí, nítorí pé owó wọn ló jẹ tó fi sanra.

Ìlú yẹn ló wá gba ọkùnrin tí gbogbo ayé ní ó ti wọ̀n jù. Wọn ò hó lé e lórí. Ọdún mẹ́fà ló lò níbẹ̀, kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ níbòmíràn rí. Wycombe kò lówó, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ ló ni ín títí Rob Couhig ará Amẹ́ríkà fi rà á ní 2020. Ainsworth mọ ohun tó ń ṣe. Kò ní kí Báyọ̀ máa sáré. Ó ní kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sókè sí i, kó fi àyà gbà á, kó fi ẹ̀yìn di ẹni tó ń ṣọ́ ọ lọ́wọ́, kí àwọn tó yára wá kó o lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń bú u di irinṣẹ́. Nínú eré bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ FIFA nígbà náà, òun ni wọ́n ń kọ fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ó lágbára jù nínú gbogbo agbábọ́ọ̀lù ayé. Àwọn ọmọdé tí kò mọ ibi tí Wycombe wà ń fi í ṣeré.

Ní 2018 wọ́n gòkè sí ìpele kẹta. Ní oṣù Keje 2020, lásìkò Kòrónà, nínú Wembley tí kò sí òǹwòran kankan, wọ́n na Oxford United 2 sí 1, Wycombe sì bọ́ sí ìpele kejì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1887 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Báyọ̀ tún dúró níwájú kámẹ́rà. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló lè fi WhatsApp ránṣẹ́ sí òun, Jürgen Klopp ti Liverpool nìyẹn. Klopp fi fídíò kí i kú oríire.

Sáà kan péré ni wọ́n lò lókè yẹn, àmì ẹyọ kan ló sọ wọ́n kalẹ̀ ní 2021. Báyọ̀ ti gbá gòólù tó ju 200 nígbà náà. Ó tún lo sáà kan sí i. Lọ́jọ́ 21, oṣù Karùn-ún, 2022, wọ́n tún wà ní Wembley, èrò pọ̀ níbẹ̀, Sunderland sì na Wycombe 2 sí 0. Ó ti pé 40 ọdún lọ́jọ́ 11 ṣáájú. Oṣù Karùn-ún yìí náà ni wọ́n ń tẹ orúkọ àwọn tó ń lọ jáde, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ló ti sọ ṣáájú pé kí wọ́n kọ tòun sí i.